Ìdí Tí Ẹnjiníà Fi Padà Sílé Ìwé

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ fojú rí ọkùnrin tí yóò padà di ọkọ rẹ̀, ọsàn mẹ́fà ló gbé lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló sì gbé sínú. Kì í ṣe ọsàn ló wúwo.

Iléeṣẹ́ iná ló rán an. Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kí òṣìṣẹ́ tó fara pa nílé ìwòsàn, ọ̀gá bá na ìka sí i: "Ìwọ ni kó o lọ. Ẹnu ẹ̀yin obìnrin máa ń dùn ju tiwa lọ." Kò lè kọ̀. Bó bá kọ̀, wọn á béèrè ìdí.

Ibùsùn kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sí. Agòkè ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń gun òpó iná bí ẹni pé àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi báńdéèjì we ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá rẹ̀, aránṣọ kan tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, jókòó níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìtọ́jú o. Iléeṣẹ́ ló rán mi wá."

Kí ìyá tó dáhùn, ọmọ ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ohùn yẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń wà lórí rédíò, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Òun ni. Odindi ọdún kan ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ láì ríra. Ẹnjiníà wà nínú yàrá ìdarí ní ibùdó, níbi tí wọ́n ti ń tan iná sórí wáyà tí wọ́n sì ń pa á. Agòkè wà lójú pópó, lórí òpó. Bí ó bá fẹ́ gùn, á ní kó pa á. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, á ní kó tan án.

"Mo rò pé ẹ sanra ni," ni Agòkè wí. "Ohùn yín sanra."

Ìyá rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ẹ̀rín lè jáde lẹ́nu òun nínú yàrá yẹn. Ìgbà náà ni ojú Agòkè yí padà.

"Mo fẹ́ bẹ̀ yín," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi pé mo gun òpó láì ní kí ẹ gbé káàdì pupa kọ́. N kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn, àfi tíì tí mo mu láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo kó ìpáyà bá yín. Ẹ forí jì mí."

Ẹnjiníà la ẹnu. Ohun tó jáde ni: "Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ ṣáà máa tọ́jú ara yín."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí òpó níbi méjì, láìnì kẹta àti láìnì kẹfà. Agòkè ní kí wọ́n pa iná láìnì kẹfà, kí wọ́n sì gbé káàdì pupa kọ́ sára bírékà rẹ̀, irin ńlá tí wọ́n fi ń tan iná tí wọ́n fi ń pa á. Bí káàdì yẹn bá ti wà níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ènìyàn wà lára wáyà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè rẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, rédíò han gooro: "A ti sọ̀kalẹ̀ o, ẹ tan án." Àwọn ti láìnì kẹta ló sọ̀rọ̀. Òfin ni pé kó ní kí wọ́n tún nọ́mbà láìnì wọn pè. Ṣùgbọ́n fóònù ń dún, iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ń pariwo pé iná àwọn ti pẹ́ jù, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó lọ síbi bírékà kẹfà, ó yọ káàdì pupa, ó sì tan iná sí ènìyàn lára.

Nígbà tí ìròyìn dé láti ilé ìwòsàn, ọ̀gá ibùdó ti ilẹ̀kùn. "Ta ló gbọ́ nígbà tó béèrè káàdì?"

"Èmi nìkan, sà. Àwọn láìnì kẹta ti pa rédíò tiwọn nígbà yẹn."

"Ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ó ń fa wáyà. Ọwọ́ Agòkè ni rédíò wà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù sì máa ń sọ èèyàn dáadáa di nǹkan mìíràn. "Ọmọ mi, ọkùnrin yẹn ò kú. Ìka mẹ́ta ni dókítà gé. Bí a bá sọ òótọ́, ìka yẹn ò ní hù padà. Tìẹ á bàjẹ́, tèmi náà á bàjẹ́." Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ náà gun òpó láì béèrè káàdì. Ó ti bírò sí i.

Ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ̀n. Èyí gan-an ló máa ń dójú tì í jù lẹ́yìn náà, pé ọwọ́ òun ò gbọ̀n.

Ìgbà tí Agòkè jáde nílé ìwòsàn, wọn ò jẹ́ kó gun òpó mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí sítọ́ọ̀, kó máa fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbọ̀wọ́, okùn àti bẹ́líìtì tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lò mọ́. Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Sítọ́ọ̀ ló jẹ́ olórí ibẹ̀. Ó ti lo ọdún méjìlélógún láàrin bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de irin mọ́ra, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó máa ń gbé mì.

Nígbà tó di oṣù kejì, ó pe Ẹnjiníà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bóòtì tí ẹ wá gbà lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ibùdó yín lè lò lọ́dún mẹ́ta. Ṣé afárá lẹ fẹ́ kọ́ ni?"

"Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lẹ̀ ń bẹ̀ mí sí? Ẹ lọ sẹ́yìn kọ́ńtà. Bóòtì tí ẹ̀ ń wá wà níbẹ̀, ó ń mu tíì."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, Ẹnjiníà ń tan ara rẹ̀ jẹ pé òun kàn ń lọ wò ó ni, kí ọkàn òun lè fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ò fúyẹ́, ẹsẹ̀ ò sì dúró. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn á jọ rìn lábẹ́ wáyà, Agòkè á máa fi òpó hàn án bí ẹni ń fi ẹbí han ìyàwó. "Òpó yìí, ẹyẹ kan kọ́ ilé sí i. Mo máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dókè. Èyí, obìnrin kan wà nílé kejì tó máa ń bú ọkọ rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án gééré. Láti òkè, mo mọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà." Ẹnjiníà á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn á tún padà wá, á jókòó sí i láyà.

Àpò ṣòkòtò ni Agòkè máa ń ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ̀ lójú èèyàn. Níwájú Ẹnjiníà nìkan ló máa ń yọ ọ́ jáde. Ó gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ ọ́, ṣe ló máa ń ṣe Ẹnjiníà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Èyí tó burú jù ni àárọ̀ Mọ́ńdè. Gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń pé jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á sì kìlọ̀ fún wọn nípa ewu. Kò sí Mọ́ńdè kan tí kì í parí rẹ̀ báyìí: "Ẹ béèrè káàdì pupa o! Ẹ má ṣe bíi ti Agòkè." Wọn á rẹ́rìn-ín. Agòkè á bá wọn rín in, á tilẹ̀ ju ọwọ́ sókè: "Èmi rèé o, ẹ wò mí, kẹ́ ẹ gbọ́n!" Ẹnjiníà á dúró lẹ́yìn, á máa ka bíríkì ara ògiri.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá báyìí kí Agòkè tó rán Ìyá Sítọ́ọ̀ sí i. "Ẹni tó rán mi ní kí n béèrè," ni obìnrin náà wí, "bóyá ẹ lè fẹ́ ọkùnrin tí ìka rẹ̀ jẹ́ méje. Mo ní kó wá béèrè fúnra rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun."

Ojú ń tì í! Ẹnjiníà bú sẹ́kún, Ìyá Sítọ́ọ̀ sì rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Bàbá Ẹnjiníà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo ti wádìí ọmọkùnrin náà. Wọ́n ní àìbìkítà ló gé ìka rẹ̀. Ọkùnrin tí kò náání ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣé tìẹ ni yóò náání?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Báwo ló ṣe rí?"

Ó sì dúró de èsì. Tíṣà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní àyè láti ronú. Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. "Èèyàn dáadáa ni," ló wí.

"Èèyàn dáadáa ló kún ilé ìwòsàn," ni Tíṣà wí, ó sì gbé awò rẹ̀ padà sójú.

Ti Aránṣọ, ìyá Agòkè, le ju ìyẹn lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti sọ ọ́, lójú Ẹnjiníà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọmọ oníwèé ni yín. Lónìí, ẹ rò pé ìfẹ́ ni. Lọ́la, tí ọmọ mi ò bá lè di okùn bàtà tirẹ̀, ẹ ó máa wò ó bí àkísà. Mo ti rí obìnrin tó ń ṣàánú ọkùnrin tó sì pè é ní ìfẹ́. Èwo ni tiyín?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mà."

"Hùn." Ẹ̀rọ ń lọ. "Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ kì í lè wò ó lójú?"

Ẹnjiníà délé, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Èwo ni tirẹ̀ lóòótọ́? Bí kò bá ṣẹ̀ ẹ́, ṣé ì bá fẹ́ ẹ? Ó ronú nípa ẹyẹ orí òpó, nípa ohùn tó ti máa ń dúró dè lórí rédíò láàárọ̀ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe máa ń tún irun ṣe kó tó dá ọkùnrin tí kò lè rí i lóhùn. Ìfẹ́ ti wà níbẹ̀. Òun ló da nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ìgbà náà ló gba fọ́ọ̀mù. Yunifásítì kan wà ní ìrìn àjò ọjọ́ kan sí ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí kejì nínú iṣẹ́ iná ńlá. Fọ́ọ̀mù náà ní kó kọ lẹ́tà kan: kí ló dé tí o fi fẹ́ kàwé sí i?

Agòkè ní kó mú un wá kí òun kà á. Ó kà á lẹ́yìn kọ́ńtà, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Láti kékeré ni iná mànàmáná ti máa ń yà mí lẹ́nu..." Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. "Ta nìyí? Bó o bá fi èyí ránṣẹ́, gílóòbù ni wọ́n máa gbà sílé ìwé, wọn ò ní gbà ọ́." Ó kọ òmíràn, nípa ìlú tó nílò iná kí ó lè tẹ̀ síwájú. "Èyí, olóṣèlú ló ni ín. Ó ku kó o há àpò ìrẹsì."

Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́. "Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wáyà àti bírékà, ojú rẹ máa ń tàn. Bí mo bá ti béèrè ìdí, wàá wo ilẹ̀. Sọ fún mi. Ṣé ìwé lo fẹ́ lọ kà, àbí o fẹ́ sá fún mi?"

Ẹnjiníà kó àwọn lẹ́tà náà jọ. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, òun fẹ́ sá. Ó sì tún mọ̀ pé ìyẹn nìkan kọ́.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò pa nǹkan kan rẹ́. Nígbà ìsinmi ọ̀sán Mọ́ńdè, ó gbé e fún Agòkè nínú sítọ́ọ̀. Ìyá Sítọ́ọ̀ wo ojú rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí:

"Mo fẹ́ kàwé sí i nítorí pé mo tan iná sí ọkùnrin kan lára. Ó béèrè káàdì pupa lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e kọ́. Èmi náà ni mo yọ ọ́, nítorí mo gbọ́ ohùn kan, n kò sì béèrè ohùn ta ni. Lẹ́yìn náà, mo fọwọ́ sí ìwé irọ́ pé òun ló jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé etí ènìyàn kan ṣoṣo, etí tó lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ló dúró láàrin irú iná bẹ́ẹ̀ àti ara ọmọ ènìyàn. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè ṣe é tí bírékà kò ní gbà fún ẹni tó fẹ́ tan án níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì wà lókè. N kò mọ̀ bóyá ẹ máa ń gba irú mi."

Agòkè kà á. Ó tún un kà. Ó jókòó lórí wáyà tí wọ́n ká jọ.

"Mo béèrè?" ó ní.

"O béèrè."

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. O ní, 'Káàdì ti wà níbẹ̀?' Mo ní ó ti wà níbẹ̀. O tún ní, 'Ó dá yín lójú?' Mo ní ó dá mi lójú."

Ó bo ojú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, odindi àti àbọ̀. Ejìká rẹ̀ ń mì. "Mo béèrè," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "mo béèrè." Ẹnjiníà ti retí ìbínú. Kò retí pé yóò rí ọkùnrin tí wọ́n dá ara rẹ̀ padà fún un. Ìyẹn dójú tì í ju ìbínú lọ, nítorí ó rí bí ohun tí òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Nígbà tó ṣe, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti tutù. "Láràárọ̀ tí mo bá ń wọ ṣòkòtò, mo máa ń bú ara mi ní òmùgọ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ rí, ó sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. O wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Gbogbo Mọ́ńdè."

"Gbogbo Mọ́ńdè."

"Àárọ̀ yìí náà."

"Àárọ̀ yìí náà."

Ó ká lẹ́tà náà, ó fún un. "Èyí ni kó o fi ránṣẹ́. Má wá síbí mọ́."

Ó fi í ránṣẹ́. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀gá tó dé ibi "ẹ má ṣe bíi ti Agòkè", Ẹnjiníà jáde síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí rédíò dórí ìwé tó fọwọ́ sí. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín jù nínú wọn bọ́ àkẹtẹ̀ iṣẹ́ lórí, ó yí padà sí Agòkè. Agòkè ò wo ẹnikẹ́ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dá Ẹnjiníà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá náà fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Ìyá Agòkè ránṣẹ́ sí i pé òun ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó jókòó ti Ẹnjiníà. "Mo lọ tọrọ àforíjì. Mo bú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi, ọmọ tèmi ló sì jẹ̀bi." Kò sọ èsì tí aránṣọ fún un. Gbogbo ohun tó wí ni pé: "Ojú mi wálẹ̀ lónìí."

Yunifásítì pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò gbé lẹ́tà náà síwájú. "Ìtìjú ló gbé ọ wá síbí. Ìtìjú kì í ka ìṣirò. Lọ́jọ́ tí ó bá rẹ ìtìjú, kí ni yóò mú ọ dúró?"

"N kò rò pé yóò rẹ̀ ẹ́, sà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó bà á jẹ́."

"Wá lọ́dún tuntun," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "A kì í fún ẹkún ní máàkì o."

Ó kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lóṣooṣù, ó ń kọ lẹ́tà sí Agòkè. Kò kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ohun tó ń kọ́ ló ń sọ fún un, bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́. Kò sí èsì. Ìyá Sítọ́ọ̀ nìkan ló máa ń pè é. "Ó ń kà wọ́n," á wí. "Kò gbà pé òun ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Èmi tí mo mọ nọ́ọ̀tì nìkan! Wọ́n ti ní kó máa kọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti gun òpó. Ó ń le mọ́ wọn bí ìyá ọkọ."

Oṣù kẹrìnlá tó débẹ̀ ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí rẹ̀. Agòkè ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà níta.

"Mo ń kọjá lọ ni," ó ní.

Ìrìn àjò ọjọ́ kan! Àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tọ́ka sí orí tábìlì. "Èyí lo ń kọ̀wé nípa rẹ̀?"

Ẹnjiníà fi iṣẹ́ náà hàn án. Ẹni tó bá fẹ́ gun òpó yóò mú kọ́kọ́rọ́ kan dání lọ, bírékà ò sì ní gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ẹni náà fi máa sọ̀kalẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ náà padà. Agòkè mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó yí i wò, ó gbé e sétí, ó mì ín.

"Bí ó bá já bọ́ láti òkè ńkọ́?"

"N kò tíì ronú débẹ̀."

"Yóò já bọ́. Òjò ńkọ́? Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ńkọ́, ṣé á lè yí i? Ẹni tí kò ní ìka mẹ́wàá ńkọ́?"

Ó ń béèrè, Ẹnjiníà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí méjì kọjá kí wọ́n tó rántí jókòó. Ìgbà náà ni Agòkè wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ. Ọjọ́ mìíràn, bọ́tìnnì kan á ṣòroó dì, inú mi á ru. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó ń yọ mí lẹ́nu. Bí inú bá ń bí mi báyẹn, ìwọ ni mo máa ń wá kiri láti sọ fún. Mo ti gbìyànjú àwọn ẹlòmíràn. Wọn ò yé mi, èmi náà ò yé wọn."

"Máa sọ ọ́ fún mi," ni Ẹnjiníà wí. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Títí láé. N kò ní ní kó tán."

"Ó lè má tán."

"Mo mọ̀."

Nígbà tó parí ìwé, ó padà wálé. Òun àti Tíṣà jọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Obìnrin náà jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ kó tó ní kí wọ́n jókòó. "N kò tíì dárí jì ọ́," ló sọ fún Ẹnjiníà. Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ń pè é ní "ìwọ" bí ìyá ṣe ń pe ọmọ, tàbí bí ènìyàn ṣe ń pe ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni. "Bóyá ọmọ ọmọ ni yóò bá ọ bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi ti ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. N kò ní jẹ́ kí ìbínú mi pa orin yẹn."

Ní kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, láàárọ̀ Sátidé. Àwọn agunpó kún ìjókòó ẹ̀yìn, Ìyá Sítọ́ọ̀ wà níwájú, ó ti ń nu ojú kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ ìtàn wọn, ń kà á bó ṣe máa ń kà á fún gbogbo ènìyàn. "Ìyàwó, ẹ fi òrùka sí ìka ọkọ yín, lọ́wọ́ òsì."

Agòkè na ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka tí òrùka ń gbé kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé rí i, ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Ẹnjiníà dúró pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Níwájú ìyá Agòkè, níwájú bàbá tirẹ̀, níwájú gbogbo ẹni tó mọ̀, ibi tí ọwọ́ òun ti ṣiṣẹ́ ló wà níta yẹn. Ó wo ilẹ̀.

Agòkè sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀, ó na ọ̀tún. "Èyí náà mọ òrùka í wọ̀," ó sọ fún akọ̀wé. Àwọn agunpó rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé Ẹnjiníà nìkan ni yóò gbọ́. "Wò mí."

"Ojú ń tì mí."

"Mo mọ̀. Wò mí bẹ́ẹ̀."

Ojú ṣì ń tì í. Ó gbé e sókè, ó sì wò ó.